Aṣọ Yẹ́lò Nílé Ijó Etí Òkun

"Beryl, wọ bàtà ẹ! Ọ̀la ni wọ́n máa wó ilé ijó yẹn!"

Clifford, ọkọ rẹ̀, ò lè jókòó. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, bí ẹni tí ìjàlọ kó sí ní ṣòkòtò.

"Mi ò lọ, bàbá arúgbó."

"Ká jó ẹyọ kan péré! Ṣebí ibẹ̀ la ti pàdé? Ìwọ nínú aṣọ yẹ́lò, o jó rọ́kì títí bàtà ẹ fi já!"

"Mi ò mọ ijó jó."

"Irọ́! Ta ni mo wá bá jó?"

Beryl kọjú sí i.

"Èmi àti Maureen, ìbejì mi, tíkẹ́ẹ̀tì kan la rà. Aṣọ kan náà la wọ̀. Òun ló kọ́kọ́ wọlé. Nígbà tó jáde, ó fi òǹtẹ̀ tútù tí wọ́n lù sí i lẹ́yìn ọwọ́ lẹ́nu ọ̀nà tẹ tèmi, kí èmi náà lè wọlé."

"Maureen ni mo bá jó?"

"Òun ni. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ní kí n wọlé lọ bá òun sọ fún ẹ pé òun ò fẹ́ ẹ. Mi ò tíì jẹ́ iṣẹ́ náà títí dòní."