Ikọ́ Oṣù Mẹ́ta

Fóònù ń dún. Ọwọ́ mi ò dilẹ̀, mo ń ká etí gáùn oníbàárà, ni mo bá gbé e sí sípíkà.

Ẹ̀gbọ́n mi ni, láti ọsibítù.

Oṣù mẹ́ta nìyí tó ti ń wúkọ́, tí ọ̀fun ń gún un bí ẹni tí eegun ẹja há sí.

Inú ṣọ́ọ̀bù kan náà la ti jọ ń ránṣọ. Ìbẹ̀rù ò jẹ́ kí n bá a mu nínú ife kan mọ́.

"Àbúrò mi, ṣé ò ń gbọ́ mi?"

"Ùn."

"Wọ́n ti ya fọ́tò àyà mi. Dókítà ní kì í ṣe ikọ́ ẹ̀gbẹ."

"Ùn."

"Abẹ́rẹ́ ni. Èyí tó lórí róbótó, tí a fi ń de aṣọ kí a tó rán an. Ó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró mi. Mi ò tiẹ̀ mọ ọjọ́ tí mo fà á wọlé, àwa tí a sọ ẹnu di àpótí abẹ́rẹ́."

Mo fa èémí sínú lójijì.

Ohùn rẹ̀ yí padà. "Kí ló dé tí o kàn ń kùn láti àárọ̀?"

Mo rọra tu àwọn abẹ́rẹ́ ẹnu mi sí àtẹ́lẹwọ́.

Márùn-ún ni mo kó sẹ́nu kí fóònù tó dún.

Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

Mẹ́rin ni.

Ọ̀fun ti ń yún mi.