Ọ̀rọ̀ Etí Ìwé

Sátidé Sátidé ni Oyèwùmí, akọ̀wé àwọn tó ń ra kòkó, ń gun kẹ̀kẹ́ láti Àpòmù wá sí Ìkirè.

"Fẹ́yìsetán, ìwé tí mò ń kà lọ́wọ́ nìyí. Ìwọ náà kà á."

Fẹ́yìsetán, olùkọ́ ọmọdé, á kà á.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi pẹ́ńsùlù kọ sí etí ìwé ló ń dùn mọ́ ọn jù. Ó ń pa á lẹ́rìn-ín, ó ń pa á lẹ́kún. Òun náà á kọ èsì síbẹ̀.

Nítorí ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn ló ṣe gbà láti fẹ́ Oyèwùmí.

Lónìí Ọjọ́rú, ó ti ka ìwé kan tán. Kò lè dúró di Sátidé.

Ó wọkọ̀ lọ sí Àpòmù, ó bèèrè ilé Oyèwùmí.

Obìnrin kan tó pọnmọ ló ṣílẹ̀kùn. Ó rí ìwé náà, inú rẹ̀ dùn.

"Ẹ káàbọ̀ o! Ṣé bàbá olùkọ́ ló rán yín?"

"Bàbá wo?"

"Bàbá arúgbó tí a jọ ń kàwé. Ọkọ mi ló ń bá mi gbé e lọ fún wọn ní Ìkirè."

"Oyèwùmí kọ́ ló ń kọ̀wé síbẹ̀?"

"Oyèwùmí kẹ̀! Ọkọ mi ò ní sùúrù ìwé. Èmi ni."



"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n jókòó," Fẹ́yìsetán ní. "Èmi ni bàbá arúgbó náà."