Kòkòrò Kan Lórí Bébà Funfun

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan abẹ́rẹ́, àwọn obìnrin mẹ́tàlélógún tó ń rán wíìgì ní ilé iṣẹ́ náà a tò sẹ́bàá fèrèsé. Alábòójútó wọn, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Kóòmù tí kò bá sí nítòsí, a fi kóòmù eléyín wẹ́wẹ́ ya irun wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì gbọ̀n ọ́n sórí bébà funfun. Ẹni tí iná orí bá já bọ́ láti orí rẹ̀ kò tún ní padà sídìí tábìlì. Wọn kì í bá a jà. Wọn a kàn ní kó máa gbé báàgì rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló kan Ẹ̀gbọ́n. Ọdún mẹ́fà ló ti ń rán wíìgì níbẹ̀, àbúrò rẹ̀ a sì máa jókòó tì í. Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú, òórùn gọ́ọ̀mù mú kí obìnrin kan dákú lórí ìjókòó, Ẹ̀gbọ́n sì ní kí wọ́n jọ̀ọ́ máa ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí wọ́n ń fi àgádágodo tì. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, kòkòrò kan ń rìn lórí bébà. Ó pupa rúsúrúsú, ó yó bámúbámú, ó tóbi ju iná orí tí wọ́n mọ̀ láti kékeré lọ. Ẹyọ kan péré.

"Gbé báàgì rẹ," ni Ìyá Kóòmù wí.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àdúgbò ti gbọ́. Onídìrí tó wà ní ìkóríta, tó ti ń bẹ Ẹ̀gbọ́n tipẹ́ pé kó wá bá òun ṣiṣẹ́, ní kó má bínú, àwọn oníbàárà òun ò ní gbà. Ìyá wọn fà á sáàárín itan, ó tú irun náà láti iwájú títí dé ìpàkọ́. Lọ́jọ́ kejì, ó tún un tú.

"Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná," ni ìyá wí. Ó na ọwọ́ méjèèjì jáde. "Ẹ wo èékánná mi. Ẹ̀jẹ̀ dà níbẹ̀? Ẹyin rẹ̀ gan-an, n ò rí."

"Màmá, ẹ lọ sọ ìyẹn fún Ìyá Kóòmù."

"Ìyá Kóòmù ìyà! Obìnrin tí gèlè kì í kúrò lórí ẹ̀, àtòjò àtẹ̀ẹ̀rùn!"

Àbúrò ń fi eyín já òwú sí wẹ́wẹ́, ó ń tu ú sílẹ̀. Òun nìkan ló kù nílé yẹn tó ń jáde lọ síbi iṣẹ́.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ó dìde láàárín iṣẹ́, abẹ́rẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yẹn ńkọ́?"

Gbogbo ọwọ́ dúró. Ìyá Kóòmù rọra tò ó wá, ó wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ, ṣebí ìrọ̀rí kan náà lẹ jọ ń sùn lé?"

"Ìrọ̀rí kan náà ni, mà."

"Ó dáa. Ọjọ́ Ajé ò jìnnà."

Obìnrin tó jókòó tì í, tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín, fa yẹ̀rì rẹ̀. "Jókòó, jàre. Ṣé o fẹ́ lọ bá ẹ̀gbọ́n ẹ nílé kẹ́ ẹ jọ máa ka eṣinṣin ni?"

Ní ọjọ́ Àìkú, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ti ara wọn mọ́ yàrá látàárọ̀ títí oòrùn fi rọ̀. Ìyá wọn kan ilẹ̀kùn.

"Kí lẹ ń ṣe níbẹ̀?"

"Irun là ń ṣe, Màmá," ni Ẹ̀gbọ́n dáhùn. "A ò fẹ́ kí kòkòrò kankan ríbi sá sí."

"Ẹ ṣe é dáadáa o. Kẹ́ ẹ sì gbálẹ̀ tẹ́ ẹ bá ṣe tán."

Lọ́jọ́ Ajé, Ẹlẹ́rìn-ín ló kọ́kọ́ rí i lórí ìlà. "Irun rèé! Ta ló bá ẹ ṣe é?"

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Irú ọwọ́ yìí ni wọ́n lé lọ sílé. Ó mà ṣe o."

Ìyá Kóòmù ya irun náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọmọbìnrin tó wà níwájú ti pariwo nígbà tó kàn án, Àbúrò ò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Kóòmù kan bébà. Kòkòrò kan ń rìn níbẹ̀, ó pupa rúsúrúsú, ó yó bámúbámú.

"Mo sọ bẹ́ẹ̀ àbí n ò sọ bẹ́ẹ̀?" ni Ìyá Kóòmù kígbe. "Ẹ pe ọ̀gá!"

Ọ̀gá jáde láti ọ́fíìsì, ó ń fi fáìlì fẹ́ ara. Àwọn obìnrin sún sẹ́yìn.

"Ẹ dákun mà," ni Àbúrò wí, "ẹ jẹ́ kí ọ̀gá gbọ́ ọ lẹ́nu yín. Orí mi lẹ ti mú un?"

"Àbí orí ìyá mi ni? Orí rẹ náà ni. Ó lẹ̀ mọ́ ìdí irun, ó ń mu ẹ̀jẹ̀ rẹ nígbà tí mo fi kóòmù já a."

"Níbo gan-an, mà?"

"Níbí!" Ó fi ìka gún un ní àárín orí. "Ojú mi méjèèjì ló rí i. Kí lo tún fẹ́ sọ?"

Àbúrò ki ìka bọ ẹ̀yìn etí rẹ̀ méjèèjì, ó ṣí wíìgì náà kúrò lódindi, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bébà funfun, ó sì tẹ orí tí Ẹ̀gbọ́n ti fi abẹ fá kodoro síwájú kí ọ̀gá lè rí i dáadáa.