Ìkookò Tó Ní Òun Gbé Òṣùpá Mì

Àlọ́ mi tàn yanran ní àgbàlá ìyá wa àgbà, nígbà tí òṣùpá nìkan ló jẹ́ àtùpà wa. Ó bọ́ lu Ìkookò ọlọ́kánjúà.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, òkùnkùn bo òṣùpá tó yọ roboto. Ìkookò ní, "Èmi ni mo gbé e mì. Ẹ mú ọmọ Ewúrẹ́ wá kí n tó bì í!"

Àwọn ẹranko ti já ọmọ náà gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ kí Ehoro, tí kì í gba ohun tí kò rí gbọ́, tó sọ̀rọ̀. "Ẹ ní sùúrù. Àtùpà kì í wọ ahéré kí ibẹ̀ ṣókùnkùn. Bàbá Ìkookò, ẹ yanu ká wò ó."

Ó dárin, wọ́n ń gbè é:

Ìkookò, yanu rẹ.
*Ìmọ́lẹ̀ dà?*
O gbé òṣùpá mì.
*Ìmọ́lẹ̀ dà?*

Ìkookò yanu gbàgà. Inú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Ibi tó yanu sí ni òṣùpá ti yọjú padà lókè. Ewúrẹ́ gba ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

Ó bi Ehoro pé, "Kí ló wá bo òṣùpá?"

Ehoro ní, "Ìyá, oòrùn wà lẹ́yìn wa, òṣùpá wà níwájú. Òjìji ilẹ̀ tí a dúró lé ni."

Bí òjìji náà bá tún bo òṣùpá, mo máa ń dá orin yẹn. Àwọn tí a jọ ń gbè é ní àgbàlá ìyá wa àgbà ti lọ. Èmi nìkan ni mò ń dá ara mi lóhùn: ìmọ́lẹ̀ dà?