Ìwé Omi Èso fún Asáré

Ọ̀gbẹ́ni Ambrose tó ni ilé ìtẹ̀wé ní Yábàá kò sọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó ní ìwé tó ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń lọ èso mu ti pọ̀ jù nígboro. Bí Tíṣà Àrínọlá bá fẹ́ kí òun tẹ tirẹ̀, kó lọ wá asáré kan ṣoṣo tí omi èso náà gbé dé ipò kìn-ín-ní. Bí kò bá rí i, kó máa gbé ìwé rẹ̀ lọ sílé.

Ọdún mẹ́ta gbáko ni Tíṣà fi kọ ìwé ọ̀hún. Àtìgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ló ti ń lọ ọ̀pẹ òyìnbó mọ́ karọ́ọ̀tì, tó ń po ìbẹ́pẹ mọ́ ẹ̀pà, bùlẹ́ńdà mẹ́ta sì ti kú sí i lọ́wọ́. Ṣé irú ìwé bẹ́ẹ̀ ló máa wá gbé sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì? Kò jọ ọ́.

Ní pápá ìṣeré tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀ ní Sùúrùlérè ló ti rí Tìrìmísíyù. Káfíńtà ni ọmọkùnrin náà ní Pápá Àjàó, àràárọ̀ ló sì ń wá sáré níbẹ̀ kó tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Nínú eré kìlómítà mẹ́wàá tí wọ́n sá lọ́dún tó kọjá, ipò kẹsàn-án ló ṣe. Jude, ọmọ Sábó, ló gba ipò kìn-ín-ní, ìgbà kejì rẹ̀ léraléra nìyẹn. Eré tọdún yìí ku oṣù mẹ́ta.

Tíṣà pè é. Ó ní láràárọ̀ tó bá ti sáré tán, òun á gbé ìgò omi èso kan fún un. Òfin kan ló wà níbẹ̀: bó bá ti kúrò lọ́wọ́ òun, kò gbọ́dọ̀ pé ogún ìṣẹ́jú kó tó di mímu, torí lẹ́yìn ìyẹn, agbára rẹ̀ ti fò lọ. Tìrìmísíyù dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́. Ta ló máa kọ ohun tí àgbà fọwọ́ ara rẹ̀ gbé kalẹ̀?

Láti ọjọ́ kejì, bó ṣe ń gba ìgò báyìí ló ń ki eré mọ́lẹ̀, ó di ọ̀nà Pápá Àjàó. Kò dúró ṣí i rí. Èyí wu Tíṣà púpọ̀. Nínú àwọn ọmọ ìsinsìnyí, mélòó ló ṣì mọ̀ pé kò yẹ kéèyàn gbé ìgò sẹ́nu kó máa dà á mì lójú àgbà? Bó bá sì ń padà bọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìgò á ti mọ́ tónítóní.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó bi í bóyá ó dùn.

“Kì í ṣẹ́ kù rárá, mà,” ni Tìrìmísíyù fèsì. “Ẹ̀pà inú ẹ̀ nìkan ló ṣòro jẹ díẹ̀.”

Tíṣà sáré wọlé, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé asáré kì í fẹ́ ohun tó máa ń rún lẹ́nu, kí wọ́n sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tó tún yá, ọmọ náà ní atalẹ̀ rẹ̀ ń ta jù. Ó dín in kù, ó kọ ìyẹn náà. Wọ́n yọ yìnyín kúrò. Lọ́jọ́ kan Tìrìmísíyù fi tìtìjú-tìtìjú sọ fún un pé oorun ti ń dùn, ìgbọ̀nsẹ̀ sì ti ń lọ geere. Tíṣà rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ ó kọ ọ́ sílẹ̀, ìwé tó dáa kì í fi òótọ́ pamọ́.

Eré ọmọ náà sì ń yá sí i. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, àwọn tí wọ́n jọ ń sáré ní pápá kì í rí ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, àyà Tíṣà ń já, torí Jude kì í ṣe ẹran rírọ̀.

Lọ́jọ́ eré, òun àti Ọ̀gbẹ́ni Ambrose dúró síbi tí wọ́n máa parí rẹ̀ sí. Jude ló kọ́kọ́ yọ níwájú. Ìgbà tó yá ni Tìrìmísíyù yọ lẹ́yìn, ó bá a, wọ́n jọ ń lọ. Nígbà tó ku bí ilé mẹ́rin, ọmọ Pápá Àjàó já a sílẹ̀. Tíṣà fò sókè bí ọmọdé, gèlè rẹ̀ tú.

Ọ̀gbẹ́ni Ambrose ò kí ẹnikẹ́ni kú oríire. Ọ̀dọ̀ Tìrìmísíyù ló lọ tààrà, ó ní kó sọ òótọ́ fún òun, ṣé omi èso yìí ló ṣe é?

“Bí kì í bá ṣe omi èso Mọ́mì, ọ̀gá,” ni Tìrìmísíyù wí, “n kò lè sá irú eré yìí láéláé.”

Ọ̀gbẹ́ni Ambrose bá na ọwọ́ sí Tíṣà. Ó ní kí wọ́n gbé ìwé náà wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kí wọ́n má yọ lẹ́tà kan kúrò nínú rẹ̀. Omi ayọ̀ bọ́ lójú Tíṣà.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí ìyá arúgbó kan tí kò ní eyín kan ṣoṣo lẹ́nu fi tẹ ọ̀pá dé, Tìrìmísíyù ní ìyá àgbà òun nìyẹn, ìyá náà sì di ọwọ́ Tíṣà mú, ó ní, “Tíṣà, ẹ ṣé tí ẹ ń bọ́ mi láràárọ̀, ọmọ yìí ò tọ́ omi èso yẹn wò rí, eré burúkú ló máa ń fi gbé e wá bá mi nílé kí agbára ẹ̀ má baà fò lọ.”