Ìràwọ̀ Tí Yóò Jẹ́ Adéríbigbé

Ẹ ti fura pé kì í ṣe torí ìmọ̀ ni Tíṣà Adéríbigbé ṣe gbé awò ìwòràwọ̀ sẹ́yìnkùlé. Kò bímọ, ìràwọ̀ tí yóò jẹ́ orúkọ rẹ̀ ló ń wá kí ó tó kú. Òjò a ṣú, a tún dá.

“Ọkọ mi, ẹ wọlé, òjò tún ń bọ̀.”

“Àbẹ̀ní, ẹni tó ń wo ọ̀run kì í sá fún òjò!”

Ó fojú lé awò. Àwọn ìrẹ̀ dákẹ́ lójijì. Ìràwọ̀ pupa kan yọ, ó ń tóbi bọ̀.

“Mo ti rí i! Adéríbigbé lorúkọ rẹ̀!”

Ìràwọ̀ náà rọra ṣẹ́jú.

Àbẹ̀ní jáde wá, ó fọwọ́ ba ẹnu awò náà. “Kí lẹ rí? Ìdérí tí mo fi dé e nígbà tí òjò ń kán, ẹ ò tíì ṣí i.”