Kaba Noreen

Ọkùnrin opó kan tún dín iná orí àpótí gíláàsì olómi tó ń sin ẹja sí kù, síbẹ̀ kò sí ọ̀kan tó jáde láti ẹ̀yìn ewé nínú ẹja dískọ́ọ̀sì rẹ̀ mẹ́fà tó rí rìbìtì bí àwo.

"Ewéko rẹ tutù yọ̀yọ̀," ni Lyle wí, adájọ́ ẹgbẹ́ àwọn olùsìn-ẹja ìlú Townsville, tó wá wo àwọn ẹja náà fún ìdíje. "Ajílẹ̀ tí ò ń dà sí i kò pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n n ò lè fi ife ẹ̀yẹ lé ewé lọ́wọ́, ọ̀rẹ́."

"Ojú rẹ ló ń bà wọ́n lẹ́rù."

"Ojú yìí náà ni mo fi fẹ́yàwó o."

Opó náà mí kanlẹ̀. Ife yẹn ni Noreen, ìyàwó rẹ̀, ń lé títí tó fi kú. Ó wọ yàrá lọ. Nígbà tó jáde, ó ti wọ kaba pupa olódòdó tí Noreen máa ń wọ̀ bọ́ àwọn ẹja náà láràárọ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ sì bo ọrùn kaba náà.

Kíá ni ẹja mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sáré wá síwájú gíláàsì, wọ́n ń la ẹnu.

Opó náà ń retí kí Lyle rẹ́rìn-ín. Lyle kò rẹ́rìn-ín. Ó fọwọ́ fa ìṣẹ́tí kaba náà wò.

"Ọ̀rẹ́, ibo ni Noreen ti rà á? Kaba ìyàwó tèmi ti ya mọ́ mi lára, àwọn ẹja mi ò sì jáde mọ́."